Ilé Ẹ̀kọ́ Tí Àwọn Ará Jàpáànì Ń Gbé Dání Lọ Sí Ìdálẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí Alága bá ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún wa ní Àbíjàn

   

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé oṣù kẹfà, ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ ra ilẹ̀, kí a kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tiwa tí a ó ti máa fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan ní bí owó bá wà, ilẹ̀ ìsìnkú ni kí a fi rà. Àwọn kan sì sọ gbangba pé ọmọ tí a bí sí Àbíjàn, Faransé ni yóò fi jẹun, kí a má yọ ọ́ lẹ́nu. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí àwa ìgbìmọ̀ sọ lọ́jọ́ náà ni pé a ó lọ wo bí àwọn àlejò mìíràn láyé yìí ṣe ń ṣe ọmọ tiwọn. Àwọn tí a lọ wò ni ará Jàpáànì.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà ní ìdí páàtì mọ́tò, iṣẹ́ ọwọ́ wọn la fi ń jẹun. Ọmọ ọdún mẹ́ta ní àdúgbò wa mọ Toyota yàtọ̀ sí Peugeot. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà, òun pẹ̀lú bímọ. Kọ́ńpìnnì rẹ̀ lè pè é lówùúrọ̀ ọjọ́ kan pé kó lọ máa bójú tó iṣẹ́ ní Bangkok fún ọdún mẹ́rin, kó sì kó ìyàwó rẹ̀ dání. Ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì kẹta. Báwo ni yóò ti ṣe ọmọ náà?

Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ìdáhùn sí èyí. Ní ọdún 1926 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn ní Bangkok, olú ìlú Thailand. Ogun àgbáyé kejì kó o dànù, wọ́n sì tún un dá sílẹ̀ ní 1956. Ó wà níbẹ̀ títí di òní, ó sì wà lára àwọn tó tóbi jù nínú irú rẹ̀. Nihonjin gakkō ni wọ́n ń pe irú ilé ẹ̀kọ́ yìí lédè wọn, èyí tó túmọ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ará Jàpáànì. Wọ́n lé ní 90 káàkiri ayé. Ní Áfíríkà tiwa níbí, ọ̀kan wà ní Cairo, ọ̀kan wà ní Nairobi, ọ̀kan wà ní Johannesburg.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà tó báyìí, ó yẹ kí ẹ gbọ́ bí ìwé kíkọ wọn ṣe rí. Tiwa rọrùn. Lẹ́tà 25 la ní. A fi àmì sórí, a fi sí ìsàlẹ̀, ó parí. Ọmọ tó bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu, tó sì ti mọ ABD, kò ní pẹ́ kó tó máa ka ìwé fún wa. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n ní oríṣi lẹ́tà méjì tó ń dúró fún ìró, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 46. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún ní àwọn àmì tí wọ́n gbà láti ilẹ̀ Ṣáínà, tí wọ́n ń pè ní kanji. Kanji kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tirẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ní ju ọ̀nà ìpè kan lọ. Láàárín ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ mọ 1,026 nínú wọn. Gbogbo èyí tí ìjọba wọn kà sí ohun tí àgbàlagbà nílò lójoojúmọ́ jẹ́ 2,136. Wọ́n ti pín in sí kíláàsì kíláàsì: iye báyìí fún kíláàsì kìíní, iye báyìí fún èkejì. Ọmọ tó bá kúrò nílé kó tó wọ kíláàsì kẹta, tó wá padà sí kíláàsì kẹfà láìkọ́ wọn, ó ti pàdánù ohun tó lé ní 500. Ìwé ìṣirò pàápàá yóò ṣòro fún un láti kà, nítorí inú kanji ni wọ́n kọ ìbéèrè ìṣirò náà sí. Ẹnu rẹ̀ lè dá ṣáṣá nílé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n níwájú pátákó ìkọ̀wé, yóò máa wò bí ẹni tí kò gbédè.

Bí ọmọ bá sì ti pé ọdún 15, ìdánwò ń dúró dè é kó tó lè wọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà. Ìdánwò yìí kì í béèrè pé níbo lo wà láti ọjọ́ yìí.

Nítorí náà, ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Bangkok tàbí ní Düsseldorf ní ilẹ̀ Jámánì, ohun kan náà ni wọ́n ń kọ́ ní Tokyo. Ìwé kan náà ni. Oṣù kẹrin ọdún ni wọ́n ń wọlé fún ọdún tuntun, gẹ́gẹ́ bí ti ilé, ohun yòówù kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlú náà máa ṣe. Láti ọmọ ọdún 6 títí dé 15 ni wọ́n ń gbà, ìyẹn ọdún mẹ́sàn-án tí òfin wọn fi dandan lé. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń gbálẹ̀ tí wọ́n sì ń nu kíláàsì, bí wọ́n ti ń ṣe nílé. (Àwọn ọmọ tiwa níbí, ẹ ní kí wọ́n gbé ìgbálẹ̀, ẹ ó gbọ́ èsì.) Wọ́n tún ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì máa ń kọ́ wọn ní èdè ilẹ̀ tí wọ́n wà: èdè Thai ní Bangkok, èdè Jámánì ní Düsseldorf.

Ta ló ń san owó rẹ̀? Ibí yìí la fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí àwọn kan ní ìpàdé oṣù kẹfà sọ pé ìjọba wọn ló ń gbé gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ará Jàpáànì tó wà nílùú náà, irú ẹgbẹ́ tiwa yìí gan-an, ló sábà máa ń dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò wọn. Wọ́n á yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó o. Ìjọba yóò fi olùkọ́ ránṣẹ́ láti ilé, olùkọ́ ìjọba tó ti ń kọ́ni tẹ́lẹ̀. Ọdún méjì ni wọ́n sábà máa ń fún un, wọ́n lè fi kún un, lẹ́yìn náà yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ẹlòmíràn yóò sì dé. Ìjọba ń fún àwọn ọmọ ní ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń dá sí owó ilé tí wọ́n ń lò. Èyí tó kù, òbí àti kọ́ńpìnnì ló ń gbé e. Nílé wọn, ọdún mẹ́sàn-án yẹn ọ̀fẹ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Bí wọ́n bá ti rékọjá òkun, òbí á san owó ilé ìwé.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ tó ń wá láti ilé yìí wù wá púpọ̀. Ọmọ tó bá wà ní Nairobi ń gbọ́ èdè lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé. Ẹ wo tiwa. Yorùbá tí àwa àgbà ń sọ níhìn-ín, ti ìgbà tí a kúrò nílé ni. Bí a bá délé ní àsìkò ọdún, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn tó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù lè bi wọ́n nípa Acton, ní ìwọ̀ oòrùn ìlú náà. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ará Jàpáànì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1965. Ó di 1976 kí wọ́n tó ṣí ilé ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́, ó sì di 1987 kí wọ́n tó kó lọ sí Acton, sínú ilé tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ti lò rí. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 11 ni Sátidé nìkan fi wà, àwọn tó sì ní Sony àti Toyota lẹ́yìn ni à ń wí o. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ dé Acton tán, àwọn ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí wá ilé sí àyíká rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ wọn tẹ̀ lé wọn, ilé oúnjẹ tẹ̀ lé wọn, àwọn tó ń báni wá ilé tó gbọ́ èdè wọn náà dé. Ilé ẹ̀kọ́ ló kó àdúgbò jọ. Ní ìgbèríko Sussex, wọ́n tún ní Rikkyo, tó ti wà láti 1972, níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbé inú ọgbà.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, ọdún 15 ni ibi tí wọ́n ń dé. Ní 2011 ni èyí tó wà ní Shanghai ṣí sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, òun sì ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Bí ọmọ bá ti sún mọ́ ọjọ́ orí yìí, ìdílé á pín: ìyá á kó ọmọ lọ sílé fún ìdánwò, bàbá á kù lẹ́yìn, á máa dá jẹun. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń mi orí yẹn, a mọ̀ pé ẹ mọ irú ayé bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ tó padà sílé pàápàá kò bọ́ nínú wàhálà. Wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n, kikokushijo, ọmọ tó ti òkèèrè dé. Ní bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ojú ẹni tí nǹkan kù díẹ̀ káàtó fún ni wọ́n fi ń wò wọ́n: Jàpáànì ẹnu wọn kò mọ́ gaara, wọ́n ń wo olùkọ́ lójú, wọ́n ń béèrè ìbéèrè jù. Àwọn òbí wọn kò dákẹ́. Wọ́n fi ariwo ta ìjọba jí, títí tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ fi ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́tọ̀, tí yunifásítì fi ya àyè sọ́tọ̀ fún wọn. Lónìí, àwọn kọ́ńpìnnì kan ń wá wọn nítorí èdè tí wọ́n gbọ́. Ẹni tó bá ti dé Ẹ̀jìgbò mọ ohun tí à ń sọ. Ìlú Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ Faransé lójú títì rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ wa tó ti Àbíjàn dé. Nígbà ogun 2002, àti nígbà wàhálà ìdìbò 2010 sí 2011, a rí àwọn ọmọ tí wọ́n sá délé. Olùkọ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò gbọ́. Ó yí i sí Yorùbá, wọn kò gbọ́ tán. Wọ́n dá ọmọ ọdún 12 padà sáàárín àwọn ọmọ ọdún 8. Ariwo wo ni àwa ta?

Ohun mìíràn wà tó mú wa rò ó lẹ́ẹ̀mejì nípa ilé ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ní ìlú Suzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà, ọkùnrin kan fa ọ̀bẹ yọ ní ibùdókọ̀ tí bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ àwọn ará Jàpáànì ti ń gbé ọmọ. Ó ṣe ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ léṣe. Obìnrin ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà kan tó ń bá bọ́ọ̀sì náà ṣiṣẹ́, Hu Youping, ló dì í mú kó má bàa ráyè dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Ọ̀bẹ bà á, ó sì kú. Ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Jàpáànì ní Beijing sọ àsíá wálẹ̀ sí ìdajì òpó láti bu ọlá fún un. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án, ní Shenzhen, wọ́n gún ọmọ ọdún 10 kan lọ́bẹ bí ó ti ń lọ sí irú ilé ẹ̀kọ́ yìí. Ó kú lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ yẹn jẹ́ ọjọ́ ìrántí ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Jàpáànì dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní Mukden ní 1931 kí wọ́n tó gba apá kan ilẹ̀ Ṣáínà. Kí ni ọmọ ọdún 10 mọ̀ nípa 1931?

A kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí wọ́n wà ní Gánà ní 1969, nígbà tí wọ́n fún àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Àlejò tó bá kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ńlá, tó fi orúkọ gàgàrà sí i lára, tó sì fi bọ́ọ̀sì aláwọ̀ kan kó ọmọ lọ kó ọmọ bọ̀, ó ti júwe ibi tí ọmọ rẹ̀ wà fún ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá. Ọmọ tó bá sì ń bá ọmọ onílé jókòó ní kíláàsì láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, àwọn onílé á mọ̀ ọ́n lórúkọ. Èrò tiwa nìyẹn, ẹ lè ta kò ó.

Ìdí nìyí tí ojú wa fi kúrò lára ti ojoojúmọ́, tó lọ sára ti Sátidé. Ti Sátidé, hoshūkō ni wọ́n ń gé e kúrú pè, wọ́n lé ní 200 láyé, wọ́n sì pọ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ. Amẹ́ríkà ló ti wọ́pọ̀ jù. Èyí tó pẹ́ jù níbẹ̀, ní Washington, ti wà láti 1958. Ọmọ á lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà láàárín ọ̀sẹ̀ bí ọmọ gbogbo ayé. Bí ó bá di Sátidé, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù, á gbé àpò rẹ̀ lọ kọ́ èdè bàbá rẹ̀ àti ìṣirò. Wọn kì í sábà ní ilé tiwọn. Kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń háyà. Àwọn òbí ló ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n á to orúkọ ara wọn: lọ́sẹ̀ yìí, ìyá lágbájá ni yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bàbá tàmẹ̀dò. Àwọn ọmọ máa ń kùn, nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ń há sínú ọjọ́ kan, iṣẹ́ àṣetiléwá ibẹ̀ sì pọ̀. Àwọn kan á fi í sílẹ̀ bí wọ́n bá dàgbà díẹ̀. Àwọn tó dúró á mọ̀ ọ́n kọ, á mọ̀ ọ́n kà.

Wàyí o, a kì í ṣe ará Jàpáànì. Ẹni tó lọ sí Bangkok, kọ́ńpìnnì ló rán an, kọ́ńpìnnì ni yóò pè é padà, ó mọ ọdún tí yóò délé. Àwa, ta ló rán wa? Ẹsẹ̀ ara wa la fi rìn wá. Kò sí ìjọba tí yóò fi olùkọ́ ránṣẹ́ sí wa, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò sì ní padà lọ gbé ilé. Àwọn tó ní kí a má yọ ọmọ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé dìde nìyí, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdánwò kọ́ la fẹ́ torí rẹ̀ kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá àgbà bá pè lórí fóònù láti Ẹ̀jìgbò tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ta ló ń dá a lóhùn? Nínú ilé tí kò níye láàárín wa, ìyá ọmọ ló ń ṣe ògbufọ̀ láàárín ọmọ àti ìyá bàbá rẹ̀. Ìyá àgbà á gbàdúrà, gígùn, pẹ̀lú oríkì, ọmọ á dáhùn pé «merci, mamie.» Bí wàhálà bá sì tún dé, kí Ọlọ́run má jẹ́ ó dé, ilé náà ni a ó kó wọn lọ.

Ohun tí ìgbìmọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tó ra ilẹ̀. Kíláàsì méjì ni a fẹ́ háyà ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Treichville. Àwọn ìyálọ́jà ti sọ pé Sátidé ni ọjà ń yá jù, kò sí ẹni tí yóò mú ọmọ wá. Àwọn Àlùfáà náà sì rán wa létí pé ilé kéú ló ni òwúrọ̀. Òtítọ́ ni méjèèjì. Nítorí náà, aago mẹ́ta sí márùn-ún ọ̀sán la mú, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ sì ti gbà láti máa kó àwọn ọmọ láti ìdí ìsọ̀ àwọn ìyá wọn, kí wọ́n sì dá wọn padà síbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjì sẹ́fà lóṣù fún ilé kọ̀ọ̀kan ni a dá, ì báà jẹ́ ọmọ kan ni ó ní, ì báà jẹ́ mẹ́fà. Ẹni tí kò bá ní, kó bá akápò sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, a kò ní dá ọmọ kankan padà nítorí owó. Olùkọ́ méjì ti wà, tí wọ́n ti kọ́ni rí nílé kí wọ́n tó di oníṣòwò. Ẹnìkẹta la ń wá, pàápàá obìnrin. Ìwé Aláwìíyé, a ó kó o bọ̀ láti Ìbàdàn nígbà tí àwọn tó ń lọ fún ọdún bá ń padà bọ̀, kí ẹni tó bá ń lọ sọ fún wa kí a fún un lówó.

Akọ̀wé jókòó lábẹ́ kánópì ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé. Yóò wà níbẹ̀ títí di aago mẹ́fà. Ẹ fún un ní orúkọ ọmọ, ọjọ́ orí rẹ̀, àdúgbò tí ẹ ń gbé, kí ẹ sì sọ fún un bóyá ọmọ náà ń gbọ́ Yorùbá tí kò lè sọ ọ́, tàbí kò gbọ́ rárá, nítorí ọ̀tọ̀ ni kíláàsì tí a ó fi oríṣi kọ̀ọ̀kan sí. Àwọn tó wá láti Bouaké àti Daloa, ẹ dúró lẹ́yìn ìpàdé, kí a jọ wo bóyá tiyín lè bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kìíní.